Eléré Badminton Wa àti Ìwé Ipò Àgbáyé

Láti ọjọ́ kẹjọ títí di ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹta ọdún 2024 ni ìlú Accra gba àlejò Eré Ìdárayá Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà, ẹlẹ́ẹ̀kẹtàlá irú rẹ̀. Kí àwọn àlejò tó wọlé ni ìjọba Ghana ti kọ́ ibùdó eré tuntun sí Borteyman, pẹ̀lú gbọ̀ngàn ńlá tí òrùlé bò. Àwọn àlejò ti di ẹrù wọn lọ, ilé sì wà níbẹ̀. Kí ni a ó máa fi ṣe? Apá kan nínú ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, ẹnu ọ̀nà tí n ó sì gbà wọlé ni iṣẹ́ ẹni kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò ronú kàn rí: eléré badminton tí ń dá nìkan dúró lórí pápá.

Badminton ni eré tí a ń fi ràkẹ́ẹ̀tì fífúyẹ́ gbá bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ kọjá lórí àwọ̀n. Kì í ṣe ti orí tábìlì, kì í sì í ṣe tẹ́níìsì ti orí koríko. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í ta padà láti ilẹ̀. Bí ó bá ti kan ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí, ẹni tí ó jẹ́ kí ó bọ́ sí ìhà tirẹ̀ ni ó pàdánù. Ìyẹ́ mẹ́rìndínlógún tí a fà yọ láti apá pẹ́pẹ́yẹ tàbí ẹyẹ mìíràn tí ó jọ ọ́ ni a gún yí orí kóòkì kékeré kan ká, gbogbo rẹ̀ kò sì wúwo ju gíráàmù márùn-ún ààbọ̀ lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé eré ọmọdé ni. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ jókòó wo àwọn àgbà eléré méjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Yóò rí bí ẹnì kan ṣe ń sáré láti ìdí àwọ̀n dé ẹ̀yìn pápá, tí ó ń fò sókè, tí ó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ó ń yí padà, kí ó tó ráyè mí kanlẹ̀. Gígùn pápá náà jẹ́ mítà 13.4, fífẹ̀ rẹ̀ fún eré ẹlẹ́nìkan jẹ́ mítà 5.18, ìdajì rẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń ṣọ́. Nínú eré ẹlẹ́nìméjì, bí ọwọ́ rẹ kò bá tó o, ti ẹnìkejì rẹ lè tó o. Nínú ẹlẹ́nìkan, kò sí ẹnìkejì.

Àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé eré yìí láti ilẹ̀ Íńdíà lọ sí ìlú wọn lẹ́yìn ọdún 1870, orúkọ ilé ńlá olóyè kan ní Gloucestershire ni ó sì ń jẹ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn ará Indonesia, Malaysia, China àti Denmark fi gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní Barcelona, ní 1992, ni ó wọ inú eré Òlíḿpíìkì gẹ́gẹ́ bí ojúlówó eré tí a ń gba àmì ẹ̀yẹ fún. Ilẹ̀ Áfíríkà pàápàá kì í ṣe àjèjì nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ghana níhìn-ín, ní Kumasi, ni a ti kọ́kọ́ ṣe ìdíje fún ipò akọni badminton Áfíríkà ní 1979, nígbà tí eré náà sì kọ́kọ́ wọ inú Eré Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ní 2003, Abuja ni ó ti ṣẹlẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó bá sọ pé eré òyìnbó àti ti àwọn ará Éṣíà nìkan ni, kò mọ ìtàn ìdílé ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ènìyàn kan kí ọ̀rọ̀ wa má baà máa fò lófuurufú. Anúolúwapọ̀ Júwọ̀n Ọpẹ́yọrí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà, tí a bí ní 1997. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ orúkọ náà ti mọ ìran tí ó ti wá, n kò ní láti sọ ọ́. Ní 2019, nígbà tí ìdíje ipò akọni Áfíríkà wáyé ní Port Harcourt, òun ni ó gba ti ọkùnrin ẹlẹ́nìkan. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún kan náà ni ó lọ sí Casablanca ní ilẹ̀ Morocco, tí ó sì gba àmì ẹ̀yẹ wúrà nínú Eré Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà. Láti ìgbà náà ó ti tún gba ipò akọni Áfíríkà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tí ó ṣe èyí nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, a ó ti ya àwòrán rẹ̀ sí ẹ̀yìn mọ́tò láti Oṣòdì títí dé Kaneshie.

Ní Tokyo, nígbà tí a ṣe Òlíḿpíìkì ti 2020 ní 2021, òun àti Godwin Olofua ni wọ́n jọ gbá ti ẹlẹ́nìméjì fún Nàìjíríà, Dorcas Àjọkẹ́ Adéṣọ̀kan sì gbá ti obìnrin ẹlẹ́nìkan. Ní Paris, ní 2024, Ọpẹ́yọrí dá dúró fún ara rẹ̀ nínú ẹlẹ́nìkan. Kò kọjá ìpele àkọ́kọ́. Àwọn kan ka èyí sí ìtìjú, wọ́n ní kí ni ìwúlò akọni Áfíríkà tí ó dé Paris tí kò lè kọjá ẹnu ọ̀nà. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni ọ̀nà tí ó gbà dé ẹnu ọ̀nà náà, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti ń borí eléré wa kí ó tó gbé ràkẹ́ẹ̀tì sókè rárá.

Àjọ Badminton Àgbáyé ní ìwé kan tí ó ń kọ ipò gbogbo eléré sí. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tún un ṣe. Ìdíje tí eléré bá lọ, tí a sì kà sí ojúlówó, yóò fún un ní iye àmì kan, bí ìdíje náà ṣe tóbi tó àti bí ó ṣe rìn jìnnà tó nínú rẹ̀. Wọn yóò wo ọ̀sẹ̀ 52 tí ó kọjá, wọn yóò mú mẹ́wàá tí ó dára jù nínú ìdíje tí ó lọ, wọn yóò ro wọ́n pọ̀. Iye tí ó bá jáde ni ipò rẹ. Ipò yìí ni ó ń sọ ìdíje tí a ó gbà ọ́ sí, ẹni tí ìwọ yóò kọ́kọ́ dojú kọ, àti bóyá ìwọ yóò rí Òlíḿpíìkì tàbí ìwọ kò ní rí i. Fún Paris, láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 2023 títí di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin 2024 ni a fi ṣe ìkà náà. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré lẹ́yìn tí eré parí ní Accra ni ìwé náà tì. Àwọn kan nínú àwọn tí ẹ rí ní Borteyman ń fi ojú kan wo àwọ̀n, wọ́n sì ń fi ojú kejì wo kàlẹ́ńdà.

Àjọ náà kò gbàgbé wa pátápátá. Òfin wọn ni pé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ ńlá márààrún gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ẹnì kan nínú eré ẹlẹ́nìkan ti Òlíḿpíìkì, ti ọkùnrin àti ti obìnrin. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń pín àmì.

Nínú ètò ìdíje tí àjọ náà gbé kalẹ̀ ní 2018, èyí tí ó ga jù lára àwọn ìdíje tí ń rìn láti ìlú dé ìlú ni wọ́n pè ní Super 1000. Ẹni tí ó bá gba ife rẹ̀ yóò gba àmì 12,000. Ẹlẹ́nìkan tí ó bá wọ inú ìdíje náà, tí wọ́n sì lé e jáde ní ìpele àkọ́kọ́ gan-an, yóò gba 3,000. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ àkàbà, níbi tí àwọn ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà sábà máa ń wà. Ẹni tí ó bá gba ife èyí tí wọ́n ń pè ní International Series, tí ó borí gbogbo ẹni tí ó bá pàdé títí di ọjọ́ ìkẹyìn, àmì 2,500 ni yóò mú lọ ilé. Èyí tí ó tún wà lábẹ́ rẹ̀, Future Series, 1,700 ni ti ẹni tí ó gba ife. Ẹ tún un gbọ́: ẹni tí ó pàdánù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lókè, àmì rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tí kò pàdánù rárá nísàlẹ̀.

Èmi kò sọ pé ìrẹ́jẹ ni. Ẹni 32 péré ni wọ́n ń gbà sí eré ẹlẹ́nìkan nínú Super 1000, àwọn tí orúkọ wọn ga nínú ìwé náà ni wọ́n sì ń pè. Ẹni tí ó pàdánù níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, ó lè jẹ́ pé akọni àgbáyé ni wọ́n fi kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Bí a bá fún ẹni tí ó ń lu àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní àmì kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ń bá àwọn ará China àti Denmark jìjàkadì, ìwé náà kò ní já mọ́ nǹkan kan. Èyí yé mi. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ kò lè fi agbára apá rẹ̀ nìkan gun òkè. Ó ní láti lọ sí ìdíje púpọ̀, kí mẹ́wàá tí ó dára lè jáde nínú wọn. Ọkọ̀ òfurufú ni ó sì ń gbé ènìyàn lọ sí ìdíje.

Ẹ fi ojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Accra tàbí ní Lagos tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ yìí jẹun. Ìdíje kan wà ní Yúróòpù nínú oṣù tí ń bọ̀. Àjọ badminton ìlú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó kọjá. Òun fúnra rẹ̀ kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gba físà, ọjọ́ tí wọn yóò sì pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lè jẹ́ lẹ́yìn tí ìdíje ti parí. Ó gbọ́dọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ó wá ibi tí yóò sùn sí, kí ó sì jẹun. Olùkọ́ni rẹ̀ kò ní lè tẹ̀ lé e, nítorí pé owó ẹnì kan ni ó wà. Ó dé ibẹ̀ ní alẹ́, ó sùn díẹ̀, òwúrọ̀ ni wọ́n pè é sórí pápá. Ọmọ Denmark tí ó fẹ́ dojú kọ wọ ọkọ̀ ojú irin láti ilé ìyá rẹ̀ wá ni. Bí ọmọ wa bá pàdánù, àmì díẹ̀ ni yóò rí, gbèsè rẹ̀ yóò sì pọ̀ ju àmì rẹ̀ lọ. Bí ó bá ṣe irú ìrìn yìí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́dún, èmi kò mọ ilé ìfowópamọ́ tí yóò yá a lówó. Àwọn tí ń wòran nílé yóò sì máa bèèrè ìdí tí ipò rẹ̀ kò fi gòkè.

Ẹ fi èyí wé ti Lee Chong Wei, ọmọ Malaysia. Ọ̀sẹ̀ 349 ni ó fi wà ní ipò kìíní àgbáyé láàárín gbogbo ọdún tí ó fi gbá badminton, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà Òlíḿpíìkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní 2008, 2012 àti 2016. Kò gba wúrà rí, síbẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè rẹ̀ mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Ẹ̀bùn rẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n àjọ tí ń kọ́ ọ, tí ń bọ́ ọ, tí ń san owó ọkọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ìgbà èwe. Kò sí ìgbà tí ó dá wà gẹ́gẹ́ bí àwọn tiwa ti ń dá wà.

Ẹnì kan yóò sọ pé Malaysia lọ́wọ́, àti pé badminton ni bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tiwọn. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Guatemala, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Amẹ́ríkà Àárín, tí kò sí ẹni tí ń fi badminton pè é. Kevin Cordon ti ibẹ̀ lọ sí Òlíḿpíìkì Beijing ní 2008, ó lọ sí London ní 2012, ó lọ sí Rio ní 2016. Nígbà tí ó dé Tokyo ní 2021, ẹni ọdún 34 ni, kò sì sí lára àwọn 50 tí ó ṣíwájú nínú ìwé ipò. Ó borí títí ó fi wà lára àwọn mẹ́rin tí ó kẹ́yìn. Viktor Axelsen ti Denmark, tí ó gba wúrà náà nígbẹ̀yìn, ni ó dá a dúró, Anthony Ginting ti Indonesia sì gba idẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ipò kẹrin ni ó wà. Olùkọ́ni ọmọ Indonesia ni ó ń kọ́ ọ. Ẹ wo iye ọdún tí ó wà láàárín Beijing àti Tokyo: ọdún 13. Ìlú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó kúrò lójú ọ̀nà fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Bí wọ́n bá ti sọ lẹ́yìn Beijing pé, "Ìwọ tí o kò gba nǹkan kan, jókòó sílé," ta ni ì bá ti gbọ́ nípa Tokyo? Nítorí èyí ni n kò ṣe bá àwọn tí ń fi Paris bú Ọpẹ́yọrí lọ.

Ní ìhà tiwa, ẹ̀rí wà nínú eré tí ó sún mọ́ èyí. Quadri Aruna, ọmọ Ọ̀yọ́, tí ń gbá tẹ́níìsì orí tábìlì, dé ipò àwọn mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn ní Òlíḿpíìkì Rio ní 2016, lẹ́yìn tí ó ti borí Timo Boll ti Jámánì. Ní 2022 ó wọ inú àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní àgbáyé, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá wádìí, a ó rí i pé ó ti gbá fún ẹgbẹ́ eléré ní Portugal àti ní Jámánì. Ẹgbẹ́ náà ń sanwó oṣù, ó sì wà nítòsí ìdíje. Badminton náà ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tí ó rí àyè wọlé síbẹ̀ kò pọ̀. Kí àwọn aláṣẹ eré wa má sì dúró de ìgbà tí Yúróòpù yóò ṣílẹ̀kùn.

Èyí ni ó mú mi padà sí Borteyman. Láti Accra dé Lagos kò tó kìlómítà 500 lójú ọ̀nà. Lomé àti Cotonou wà láàárín. Bí a bá yí ojú sí ìwọ̀ oòrùn, Abidjan nìyẹn. Láti Abidjan dé Lagos, nǹkan bí 1,000 kìlómítà ni gbogbo rẹ̀. Àwọn bàbá àti ìyá wa tí wọ́n ń ṣòwò ní Ghana mọ ọ̀nà yìí dáadáa, kódà kí òfin ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sílé. Láti 1979 ni àdéhùn ECOWAS sì ti fún ọmọ orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àjọ náà láyè láti wọ ìlú ẹnìkejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Mo mọ ohun tí ojú ń rí ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ àti ti Aflao, ẹ má rò pé n kò mọ̀. Síbẹ̀ ìdádúró wákàtí mẹ́ta ní ẹnubodè sàn ju ìdádúró oṣù mẹ́ta ní ọ́fíìsì físà lọ.

Bí ìlú márùn-ún wọ̀nyí, Abidjan, Accra, Lomé, Cotonou àti Lagos, bá ń ṣe International Series kọ̀ọ̀kan lọ́dún, tí wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ wọn tẹ̀ lé ara wọn, eléré wa yóò rí ìdajì mẹ́wàá rẹ̀ láìgun ọkọ̀ òfurufú. Ẹni tí ó bá gba márààrún yóò ní àmì 12,500. Lójú àwọn tí ó wà lókè, iye tí ẹnì kan ń rí nínú ìdíje kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìwé, òun ni yóò gbé e dé ibi tí àwọn ìdíje ńlá yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á wọlé. Lagos, Cotonou àti Abidjan ti gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ rí, nítorí náà kì í ṣe àlá ni mò ń lá. Ohun tí kò sí ni kí àwọn àjọ badminton wọn jókòó pọ̀ sídìí tábìlì kan láti pín ọ̀sẹ̀. Bí ìdíje Lagos bá wà nínú oṣù Keje, tí ti Abidjan sì wà nínú oṣù Kejìlá, ìrìn méjì ni, owó méjì ni.

Owó gbọ̀ngàn kò tún ní jẹ́ ìṣòro fún Accra, nítorí a ti ná an. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú wà. Afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ rìn nínú gbọ̀ngàn badminton, torí pé ohun tí kò wúwo ju gíráàmù márùn-ún ààbọ̀ lọ, èémí fáànù lè gbé e kúrò lójú ọ̀nà. Nítorí náà wọ́n máa ń pa fáànù, eléré a sì máa wẹ̀ nínú òógùn. Ooru wa pẹ̀lú ń mú kí bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ sáré ju bí ó ti ń sáré ní ìlú òtútù lọ. Fún ìdí èyí ni àwọn tí ń ṣe é fi ń kọ nọ́ńbà sí i lára, kí ìlú olóoru lè ra èyí tí ó lọ́ra. Nígbà ọyẹ́, ìyẹ́ rẹ̀ a gbẹ, a sì máa ṣẹ́. Àwọn tí ó gbọ́n a fi ooru omi gbígbóná fẹ́ ẹ kí wọ́n tó gbá a. Nínú eré kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀lù ni a ń bàjẹ́, láti òkèèrè ni a sì ti ń rà wọ́n wá. Bí a bá fẹ́ kí àwọn ọmọ iléèwé ní Nima àti Teshie máa gbá eré yìí nínú gbọ̀ngàn tí owó wọn kọ́, owó bọ́ọ̀lù yìí gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò ọdọọdún, gẹ́gẹ́ bí owó iná ti wà nínú rẹ̀.

Àjọ àgbáyé kì í fi ìdíje sínú kàlẹ́ńdà rẹ̀ láìjẹ́ pé àjọ orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ kọ ìwé béèrè, kí ó sì kọ ọ́ kí àyè tó kún. Ìwé kan láti Accra, ọ̀kan láti Lomé, ọ̀kan láti Cotonou, ọ̀kan láti Lagos, ọ̀kan láti Abidjan, tí gbogbo wọn dárúkọ ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé ara wọn: iṣẹ́ akọ̀wé márùn-ún ni, kò ju ọ̀sán kan lọ.